Kí Lo Jẹ Nínú Oyún Yìí? Àgbéyẹ̀wò Ohun Tó Ń Fa Àbùkù Àbímọ́ Lára Ọmọkùnrin

Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ jòjòló ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Ó ti tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wà nínú bàsíà, kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú wà lọ́wọ́. Ó na apá, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ orí kó lè rí rogodo, ó sì dé abẹ́. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dúró sí. Àpò kórópọ̀n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé nígbà tí ọmọ tọ̀, omi náà kò gba orí jáde, abẹ́ ló ti ń sun. Ìyá àgbà kò ní pariwo. Yóò fi aṣọ bo ọmọ, yóò wo aya ọmọ rẹ̀ lójú, yóò sì béèrè pé: "Ìyàwó mi, kí lo jẹ nínú oyún yìí?"

Ìbéèrè náà le, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ó lé ní ogún ọdún dáadáa tí àwọn onímọ̀ ti ń béèrè irú rẹ̀ ní Copenhagen ní Denmark, ní Turku ní Finland, ní Pretoria ní South Africa. Àwọn kò bi ìyá kan ṣoṣo ni tiwọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyá ni wọ́n bi, wọ́n sì tún bi ẹ̀jẹ̀ wọn, ìtọ̀ wọn àti omi ọmú wọn.

Àbùkù àbímọ́ tó ń ṣe ọkùnrin ju obìnrin lọ pọ̀. Ẹsẹ̀ tó yí sínú ń ṣe wọ́n tó ìlọ́po méjì ti obìnrin. Àwọn méjì tó wà lábẹ́ aṣọ ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí, nítorí pé wọ́n wọ́pọ̀, ìtìjú sì ń bò wọ́n mọ́lẹ̀: kórópọ̀n tí kò sọ̀ kalẹ̀, àti ihò ìtọ̀ tó wà lábẹ́ okó dípò kó wà lórí rẹ̀. Nínú 100 ọmọkùnrin tí oṣù wọn pé, àkọ́kọ́ ń ṣe 2 sí 4. Èkejì ń ṣe bí ẹyọ kan nínú 200 sí 300.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a mọ ìgbà tí iṣẹ́ ń lọ nínú ilé ọmọ. Inú ikùn lọ́hùn-ún, nítòsí kíndìnrín, ni kórópọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń rìnrìn àjò bọ̀ nísàlẹ̀, okùn kan tó so ó mọ́ ìsàlẹ̀ ló sì ń tọ́ ọ sọ́nà. John Hunter, oníṣẹ́-abẹ kan ní London, ló ṣàpèjúwe okùn yìí ní 1762. Gubernaculum ló pè é ní èdè Látìn, ìtọ́kọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ náà ń rìn ní ìpele méjì. Nígbà tí oyún bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ 15, ó ti gúnlẹ̀ sí abẹ́ ikùn, nítòsí itan, yóò sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ 25 sí 35 ni yóò tún gbéra, tí yóò wọ inú àpò. Abájọ tí ọmọ tí a bí ní oṣù keje fi lè wáyé nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà lójú omi. Nínú àwọn ọmọkùnrin tí oṣù wọn kò pé, àwọn tí kórópọ̀n wọn kò tíì sọ̀ lè tó 30 nínú 100.

Ti ihò ìtọ̀ yàtọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà lábẹ́ okó ọlẹ̀. Etí kòtò yìí méjèèjì á wá máa pàdé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń rán ẹnu àpò láti ìdí bọ̀ sí orí. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá dúró sí ni ihò yóò wà. Họ́móònù ọkùnrin tí kórópọ̀n ọlẹ̀ fúnra rẹ̀ ń pèsè ló ń rán aṣọ náà, àárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 14 sì ni àṣẹ rẹ̀ máa ń múlẹ̀ jù. Ẹ ro iye ọ̀sẹ̀ yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ obìnrin wa kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà pé òun ti fẹ́ra kù. Òmíràn kò tíì mọ̀. Ohun tí ìyá àgbà ń wádìí nídìí bàsíà ti parí ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, kí ikùn tó yọ.

Bí a bá kó gbogbo ẹ̀sùn sórí òṣùwọ̀n, bí ọmọ ṣe wọ̀n tó àti ìgbà tó wáyé ló wúwo jù. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ kò tó ti oṣù rẹ̀, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ru gidigidi nínú oyún: ara àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ti ń rí i léraléra, ní orílẹ̀-èdè kan lẹ́yìn òmíràn. Ibi ọmọ ni wọ́n rò pé ó so wọ́n pọ̀. Họ́móònù tó ń ti ara ibi wá ló ń jí kórópọ̀n ọlẹ̀ pé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibi yìí kan náà ló sì ń gbé oúnjẹ àti atẹ́gùn fún ọmọ. Bí ibi bá ṣe aláìlera, ọmọ á kéré, àṣẹ tó yẹ kó rán aṣọ náà á sì rọ̀.

Ẹ̀rí tó wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ara ìbejì ló ti wá. Ní Sweden, àwọn oníwádìí wo àwọn ìbejì ajọra, àwọn tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá, tí ihò ìtọ̀ ẹnì kan wà lábẹ́ tí ti ẹnì kejì sì wà níbi tó yẹ. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n pín. Inú kan náà ni wọ́n gbé, oúnjẹ kan náà ni ìyá wọ́n jẹ, àgbo kan náà ló mu bí ó bá mu ún, ọ̀nà kan náà ló rìn. Síbẹ̀ ẹnì kan ní i, ẹnì kejì kò ní i. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé èyí tó wọ̀n kéré jù nínú àwọn méjèèjì ló ń ní in. Bí mo bá jẹ́ ìyàwó tí wọ́n bi ní ìbéèrè yẹn nídìí bàsíà, Táyé àti Kẹ́hìndé yìí ni mo máa fi dáhùn.

Ọ̀rọ̀ ìbejì kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn fún wa. Ní Igbó-Ọrà, níbi tí Nylander, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìgbẹ̀bí ní Ìbàdàn, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ka ìbí, ìbejì tó bí 45 nínú ìbí 1000. Ìbejì máa ń tètè wáyé, wọ́n sì máa ń kéré. Ibà tún wà. Ibà tó bá wọ inú ibi ọmọ ń jẹ lára ìwọ̀n ọmọ, pàápàá jù lọ ọmọ àkọ́bí. Nítorí náà oògùn ibà tí nọ́ọ̀sì ń fún aboyún gbé mì lójú ẹ̀ ní ilé ìtọ́jú, àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí ọ̀pọ̀ ń tẹ́ sórí ewébẹ̀ nínú ọgbà, wọ́n kan ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yìí ju bí a ṣe ń rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bi ìyá àgbà náà ní tèmi. Mama, ọmọ yín ọkùnrin ńkọ́, bàbá ọmọ yìí? Ṣé tirẹ̀ sọ̀ lásìkò? Ẹnikẹ́ni kì í bi bàbá. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ìdílé wà lára ohun tó dájú jù nínú àbùkù méjèèjì. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá ní i wà nínú ewu ju ọmọ mìíràn lọ. Nínú 100 ọmọ tí ihò ìtọ̀ wọn wà lábẹ́, bí 7 ni wọ́n ń rí ẹlòmíràn nínú ẹbí wọn tó ní irú rẹ̀, iye yìí sì lè jù bẹ́ẹ̀ níbi tí ọkùnrin kò ti ń sọ ohun tó wà lábẹ́ ṣòkòtò rẹ̀. Mo mọ àgbàlagbà kan tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ló tó ṣẹ́nu rẹ́rìn-ín, tó ní, "Èmi náà kúkú ń lóṣòó tọ̀ láti kékeré ni." Àádọ́rin ọdún ló fi pa á mọ́.

Ẹjọ́ kan wà ṣá o, tí "kí lo jẹ" jàre pátápátá. Ní 1938, Charles Dodds àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní England ṣe oògùn kan tó ń ṣiṣẹ́ bí họ́móònù obìnrin. Diethylstilbestrol lorúkọ rẹ̀, DES ni wọ́n ń gé e sí. Láti àwọn ọdún 1940 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti ń fún aboyún lò ó kí oyún má baà bàjẹ́. Ní 1953, wọ́n dán an wò dáadáa ní Chicago, wọ́n rí i pé kò dá oyún kankan dúró. Àwọn dókítà kò dẹ́kun. Ó di 1971, nígbà tí jẹjẹrẹ tó ṣọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn ọmọbìnrin tí ìyá wọn lò ó, kí ìjọba Amẹ́ríkà tó kìlọ̀ pé kí wọ́n má fún aboyún mọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin kò pariwo bí ti àwọn ọmọbìnrin, ṣùgbọ́n kórópọ̀n tí kò sọ̀ pọ̀ láàárín wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 2002, ìwádìí kan ní Netherlands tún sọ pé ihò ìtọ̀ abẹ́ pọ̀ lára àwọn ọmọkùnrin tí ìyá àgbà wọn lo oògùn náà nígbà tó lóyún ìyá wọn. Ohun tí ìyá àgbà jẹ! Ẹ ò rí i pé ìbéèrè yẹn lè yí padà dé orí ẹni tó bi í.

Láti ìgbà náà ni ojú ti là sí oògùn inú oyún. Valproate, oògùn wárápá, wà lára àwọn tó ń fi kún ewu ihò ìtọ̀ abẹ́ àti àwọn àbùkù mìíràn tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin tó ń lò ó gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó lóyún. Kó má ṣe fúnra rẹ̀ jù ú nù o, nítorí gìrì wárápá lè pa òun àti ọmọ.

Ní 2001, Niels Skakkebæk, dókítà ará Denmark, kọ̀wé pé kórópọ̀n tí kò sọ̀, ihò ìtọ̀ abẹ́, àtọ̀ tí kò lágbára àti jẹjẹrẹ kórópọ̀n lè jẹ́ ẹ̀ka igi kan ṣoṣo, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú oyún. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé àrùn wọ̀nyí pọ̀ ní ìlú rẹ̀ ju ti Finland lọ, bẹ́ẹ̀ òkun kékeré ló là wọ́n láàárín. Ní 2004, òun àti àwọn ará Finland gbé iye jáde. Wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn yẹ àwọn ọmọ wò ní ìlú méjèèjì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì gbà yẹ̀ wọ́n wò: kórópọ̀n kò sọ̀ lára 9 nínú 100 ní Denmark, 2.4 nínú 100 ní Finland, tí a bá ka àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ ìdílé nìkan kò lè ru irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan wà ní àyíká. Wọ́n wá a nínú omi ọmú, wọ́n rí àpòpọ̀ oògùn apakòkòrò níbẹ̀. Wọ́n wá a lára iṣẹ́ ìyá, wọ́n rí i pé àwọn obìnrin Denmark tó ń ṣiṣẹ́ ọgbà òdòdó bí ọmọ tí kórópọ̀n rẹ̀ kò sọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Kò sí kẹ́míkà kan tó lè dá ru ẹrù náà. Díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì, ni gbogbo wọn.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ṣẹlẹ̀ ní Limpopo, ní South Africa. Ibà ń jà níbẹ̀, nítorí náà ìjọba máa ń fọ́n DDT sí ara ògiri inú ilé lọ́dọọdún. Riana Bornman ti Yunifásítì Pretoria àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọmọkùnrin jòjòló 3,310 wò, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2010. Nínú wọn, 357 ló ní àbùkù kan tàbí òmíràn lábẹ́. Àwọn ìyá tó gbé ní abúlé tí wọ́n fọ́n DDT sí láàárín 1995 sí 2003 fi 33 nínú 100 ju àwọn ti abúlé tí wọn kò fọ́n ọn sí lọ nínú ewu náà. Èyí tó tún wọ̀ mí lára ni ti àwọn ìyá tí kì í jáde lọ ṣiṣẹ́: ewu tiwọn fi 41 nínú 100 ju ti àwọn tó ń jáde lọ. Inú ilé ni oògùn náà wà. Ẹni tó jókòó tọ́ ilé ló mí i símú jù.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ibà ń mú kí ọmọ kéré, ọmọ tó kéré sì wà nínú ewu àbùkù yìí. Oògùn tó ń lé ẹ̀fọn tún wà lára ohun tí a fura sí. Àdéhùn Stockholm ti 2001 fòfin de DDT fún oko, ṣùgbọ́n ó fàyè gbà á fún ìgbógunti ẹ̀fọn nítorí pé ibà ń pa ọmọ ju ohunkóhun mìíràn lọ ní àwọn ibòmíràn. Bí mo bá jókòó sí àárín ìgbìmọ̀ tó ṣe é, mi ò rò pé ọ̀nà mìíràn ni mo máa gbà. Ti ọta-píapía inú ilé wa ni kò ní irú àwíjàre bẹ́ẹ̀. Dichlorvos, oògùn apakòkòrò kan, ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré lọ́jà ní 2019, síbẹ̀ a ṣì ń rí ẹni tó ń fọ́n ọn sábẹ́ ibùsùn, tó tún ń fi tọ́jú ẹ̀wà. Aboyún kò gbọ́dọ̀ sùn nínú yàrá tí wọ́n fọ́n ọn sí, ì báà jẹ́ oyún ọkùnrin ló ní tàbí ti obìnrin.

Àwọn ẹ̀sùn tó kù fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Bristol ní 2000, nínú ọmọkùnrin 7,928, ihò ìtọ̀ abẹ́ pọ̀ lára ọmọ àwọn ìyá tí kì í jẹ ẹran ju ti àwọn yòókù lọ. 51 péré ni gbogbo àwọn tó ní i, àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò sì fẹnu kò. Ní 2005, Shanna Swan, oníwádìí kan ní Amẹ́ríkà, rí i lára ọmọ 85 pé kẹ́míkà tó ń rọ ike, tó tún wà nínú ọ̀pọ̀ lọ́fíńdà, bá ìyípadà díẹ̀ rìn ní abẹ́ wọn. Parasitámọ̀ náà ti jẹ́jọ́: ní Denmark, lílò ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí pípa á pọ̀ mọ́ oògùn ìrora mìíràn bá kórópọ̀n tí kò sọ̀ rìn, ní Finland wọn kò rí nǹkan kan. Ibà gbígbóná nínú oyún ń ṣe ọmọ níbi, oògùn yìí sì ni dókítà ṣì ń júwe fún un. Lílo ìwọ̀nba fún ìwọ̀nba ọjọ́ ni mo gbà. Sìgá kò ní ẹjọ́ tó ń jàre: ó ń mú ọmọ kéré, a sì ti mọ ibi tí kíkéré ń já sí.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ sọ́wọ́ wa gan-an ni ẹ̀yìn ìbí. Wọ́n á ní ìyá rẹ̀ rìn lọ́sàn-án gangan láìfi abẹ́rẹ́ há aṣọ, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n á sì gbé ọmọ pamọ́. Tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ rí nǹkan kan títí di ọjọ́ kẹjọ tí nọ́ọ̀sì tàbí olóólà á wá kọlà. Ọ̀bẹ ọjọ́ yẹn ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Awọ tó bo orí okó ni oníṣẹ́-abẹ máa fi tún ọ̀nà ìtọ̀ ṣe. Bí wọ́n bá ti gé e sọnù, iṣẹ́ á le sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Nọ́ọ̀sì rí i pé ihò kò sí níbi tó yẹ, ó ní kò sí wàhálà, ó sì kọlà fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbé ọmọ náà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Bí ihò ìtọ̀ bá wà lábẹ́, a kì í kọlà. Dókítà ni a ń gbé e lọ bá, iṣẹ́ abẹ náà sì sábà máa ń wáyé láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan àbọ̀. Bí kórópọ̀n méjèèjì kò bá sí níbẹ̀, pàápàá tí ihò ìtọ̀ tún wà lábẹ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ: ó lè jẹ́ ọmọbìnrin tí àrùn họ́móònù sọ dà bí ọkùnrin, omi àti iyọ̀ ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì lè gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ti kórópọ̀n ẹyọ kan lè dúró díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sọ̀ fúnra wọn láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́. Èyí tí kò bá sọ̀ títí oṣù mẹ́fà, tí a bá fi ti oṣù tó kù nínú oyún kún un fún ọmọ tó tètè wáyé, kò ní sọ̀ mọ́, iṣẹ́ abẹ ni yóò mú un wálẹ̀ kó tó pé ọdún kan àbọ̀. Ooru inú ikùn ń ba ibi tí àtọ̀ ti ń wá jẹ́. Ní Sweden, wọ́n tọ ipasẹ̀ ọkùnrin 16,983 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2007: àwọn tí wọ́n ṣe é fún kí wọ́n tó pé ọdún 13, ewu jẹjẹrẹ kórópọ̀n wọn jẹ́ ìlọ́po 2.23 ti àwọn ọkùnrin yòókù. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún lẹ́yìn náà, ìlọ́po 5.40. Ní ilé ìwòsàn wa, ọmọ tó ti ń lọ sí iléèwé ni wọ́n sábà máa ń gbé wá.

Ohun kan ṣì kù tó ń rú ọ̀pọ̀ òbí lójú. Kórópọ̀n ọmọ máa ń sá. Bí òtútù bá mú un, tàbí bí ọwọ́ tútù bá kàn án, á sún gòkè, àpò á sì ṣófo. Èyí kì í ṣe àrùn. Dókítà ọmọdé kan ló kọ́ mi bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀: kí ọwọ́ ẹni tó ń wò ó gbóná, kí ọmọ wà nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, kí ara rẹ̀ balẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ là. Mo bi í pé níbo ni a ti máa rí gbogbo ìyẹn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ilé ìwòsàn tí èrò kún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà máa wẹ̀ ẹ́. Tó bá ti di oṣù mẹ́fà tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá a níbẹ̀, kó gbé e wá fún mi."